Ojú páálí yàtọ̀ sí ìdí páálí: ẹ ṣọ́ra fún aláròóbọ̀ key holder irin ní Ìdúmọ̀tà

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń tẹ souvenir, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó sanwó blank irin kankan (èyí tí a kò tíì tẹ nǹkan kan sí) lọ́sẹ̀ yìí. Ojú ṣì ń tì mí láti sọ ọ́, torí ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí mo ti ń fi heat press, ẹ̀rọ tó ń fi ooru tẹ àwòrán mọ́ nǹkan, jẹun. Ṣùgbọ́n tí mo bá panu mọ́, ẹlòmíì ló kàn.

Key holder 250 ni iṣẹ́ tó délẹ̀, fún ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún bàbá kan. Oníbàárà mi àtijọ́ ni ọmọ wọn obìnrin. Ó ní kí n tẹ àwòrán Bàbá nínú agbádá àti fìlà aláwọ̀ wáìnì sójú kan, kí n kọ orúkọ àti déètì sójú kejì. Sátidé ni àríyá. Mo gba ìdajì owó, mo wọ dánfó lọ́jọ́ Túsìdé, mo bọ́ sílẹ̀ ní Apọ́ngbọ̀n, mo fẹsẹ̀ rìn wọ Ìdúmọ̀tà.

Mi ò tíì gun àtẹ̀gùn plaza náà tán tí ọmọkùnrin kan ti kí mi. "Mọ́mì, ẹ káàbọ̀ o. Blank lẹ ń wá àbí mug?" Ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó mú mi wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí heat press ti gbóná sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó mú key holder kan, ó bó ọ̀rá tín-ín-rín tó wà lójú rẹ̀, ó fi téèpù mú bébà tí wọ́n ti tẹ òdòdó sí mọ́ ọn, ó tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 60. Ìgbà tó ṣí i, òdòdó pupa kan ń dán lójú irin náà bíi pé ibi tí wọ́n ti rọ ọ́ ni wọ́n ti yà á sí i. Mo fi èékánná ha á, kò ṣí. Mo tutọ́ sí ìka, mo fi ra á, kò ṣí. Ó ní ₦450 ni. Ní Ṣómólú, ₦700 ni mo ti ń rà á.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bi ara mi léèrè pé kí ló dé tí tirẹ̀ fi pọ̀ tó báyìí. Ṣùgbọ́n mo ti ń ṣírò nínú ọkàn mi: ₦250 lórí ẹyọ kan, ní ọ̀nà 300 tí mo fẹ́ rà kí àfikún lè wà, ₦75,000 nìyẹn. Ojúkòkòrò ni, ẹ jẹ́ n pè é lórúkọ rẹ̀.

Ó ránṣẹ́ sí ibi tó pè ní wíáháùsì, ọmọ kékeré kan gbé páálí dé, téèpù ṣì yí i ká. Ó fi abẹ la téèpù níwájú mi, ó ka èyí tó wà lókè fún mi. Mo wá ní kí n yọ díẹ̀ nínú ti ìsàlẹ̀ kí n bó ojú rẹ̀ wò. Ó rọra dì mí lọ́wọ́ mú. "Mọ́mì, ẹ má bó o o! Tí ẹ bá bó o báyìí, á ti ha kí ẹ tó délé, ẹ ó wá máa bá wa jà." Òótọ́ sì ni. Torí kí ojú irin má baà ha ni ọ̀rá yẹn fi wà níbẹ̀, ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ló ń bó o. Òótọ́ yẹn gan-an ló fi bo irọ́ rẹ̀.

Mo fi ₦135,000 ránṣẹ́. Orúkọ tó jáde lórí fóònù mi kò bá ti pátákó ṣọ́ọ̀bù mu. Ó ní ìyàwó òun ni. Mo gbà.

Alẹ́ Tọ́sìdé ni èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀. Dọ́sìnnì mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde bí ẹyin. Fìlà Bàbá ń dán, ẹ lè ka eyín tó yọ nínú ẹ̀rín wọn. A wá dé ìpele kejì nínú páálí. Ọmọ iṣẹ́ mi gbé apá heat press sókè, ó ní, "Aǹtí, ẹ wá wò ó." Bébà ti lẹ̀ mọ́ irin. Ìgbà tí mo já a, díẹ̀ nínú bébà náà kù sójú Bàbá bí ẹ̀fun. Ibi tó yẹ kó funfun ti pọ́n bí ẹ̀kọ tó jóná. Àwòrán yẹn kò ju òjìji lọ. Mo fi etí ìró mi nù ún, ni fìlà Bàbá bá tẹ̀lé ìró lọ.

A tẹ òmíràn, bákan náà ni. Mo gbé iná láti ìwọ̀n 190 (Celsius) sí 200, mo fi ìṣẹ́jú àáyá 30 kún un, ó tún burú sí i. Mo pe ọmọkùnrin yẹn lágogo mọ́kànlá òru, ó gbé e. (Ẹ̀ẹ̀kan náà tó gbé e nìyẹn.) Ohùn rẹ̀ balẹ̀ bíi ti dókítà. Ó ní heat press mi ló ń tàn mí, pé 190 tó ń kọ kì í ṣe 190. Mo ní ó dáa. Ó ní ó lè jẹ́ ínkì. Mo ní ínkì tí mo fi tẹ dọ́sìnnì mẹ́ta àkọ́kọ́ náà ni. Ó ní ẹ wo bébà yín dáadáa, bóyá òdìkejì lẹ fi tẹ̀ ẹ́. Kí n tó gé fóònù, mo ti ń ṣiyèméjì nípa ọwọ́ ara mi, èmi tí mo kọ́ ọmọ méje níṣẹ́ yìí.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé gbogbo ohun tó kà sílẹ̀ yẹn ló lè bà iṣẹ́ jẹ́ lóòótọ́. Heat press máa ń parọ́ ìwọ̀n ooru, àárín rẹ̀ sì lè gbóná ju etí lọ. Ohun tó jẹ́ kí jìbìtì yìí rọrùn nìyẹn: ẹni tó mọṣẹ́ ló tètè máa ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Ohun tó gbà mí ni key holder kan ṣoṣo tó kù nínú ọjà tí mo rà ní Ṣómólú lọ́dún tó kọjá, mo fi so kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ mi láìtẹ nǹkan kan sí i. Mo tú u. Mo gbé òun àti ọ̀kan nínú ti ìsàlẹ̀ páálí sórí heat press lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bébà kan náà ni, ínkì kan náà, 190, ìṣẹ́jú àáyá 60, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo sì tẹ méjèèjì. Ti Ṣómólú jáde, Bàbá ń rẹ́rìn-ín. Ìkejì pọ́n, ó sì lẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo mí kanlẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, irin fúnra rẹ̀ kì í gba sublimation, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń fi ooru gbé ínkì láti ara bébà wọ inú nǹkan. Tí ẹ bá ri àwo irin bọ inú ìkòkò aró, omi lásán ni ẹ ó fi ṣan án kúrò. Awọ polyester tí wọ́n fi bo irin náà, tí wọ́n sì yan mọ́ ọn nílé-iṣẹ́, ló ń gba àwọ̀. Nígbà tí ooru bá mú ínkì inú bébà, kì í kọ́kọ́ yọ́ di omi, ńṣe ló ń di èéfín, á wọ inú awọ tí ooru ti là, tó bá sì tutù awọ náà á pa dé mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí èékánná kò fi lè ha á. Èyí tí wọ́n tà fún mi, alumíníọ̀mù tó yẹ kí wọ́n fi máa kọ orúkọ sára rẹ̀ lásán ni, tí ẹnì kan wá fín fáníìṣì olómi sí kó lè dán. Wọ́n tún wá fi ọ̀rá bo ojú rẹ̀. Lábẹ́ ọ̀rá, ìbejì ni òun àti ojúlówó.

Mo padà sí Ìdúmọ̀tà ní òwúrọ̀ Fúráìdè. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹn wò mí, ó wo páálí mi, ó mi orí. "Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lóṣù yìí. Mi ò mọ ilé ẹ̀ o. Ó kàn máa ń yá heat press mi lò ni, á san ₦200 lórí ẹyọ kan." Gbogbo àkókò tí mo fi rò pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo wà, àlejò bíi tèmi ni òun náà. Fóònù rẹ̀ ti kú. Èyí tó dára tó fi tẹ̀ fún mi, àpò ṣòkòtò rẹ̀ ló ti yọ ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí.

Mo kọjá sí Ṣómólú, mo ra 220 ní ₦700. ₦154,000 nìyẹn lórí ₦135,000 tó ti lọ. NEPA mú iná lọ lágogo mẹ́jọ alẹ́, a tan jẹnẹrétọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Àríyá kò gbọ́ ohunkóhun. Èrè mi ló gbọ́.

Báyìí ni mo ṣe ń rà á nísinsìnyí, bí ẹni tí ń ra ẹyin. Ìdí páálí ni mo ti ń mú, àárín, lẹ́yìn náà òkè, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ń mú un. Mo ń gbé bébà tí mo ti tẹ̀ láti ilé dání, kì í ṣe òdòdó tiwọn. Ẹyọ mẹ́ta tí mo bá yàn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ níwájú mi, mo sì ń sanwó rẹ̀ kó má baà di ìjà. Mo tún ń fi òwú díẹ̀ àti acetone tí àwọn tó ń ṣe èékánná ń lò sápò: mo fi nu etí ọ̀kan, tó bá ń lẹ̀ mọ́ òwú, fáníìṣì ni. Ojúlówó tí mo fi wé e kò lẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ní ká má bó o, mo ti ń kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ "fún sublimation" sí i gbangba. Òfin FCCPA ti 2018, òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, fún oníbàárà láṣẹ láti dá ọjà padà kó sì gba owó rẹ̀ bí kò bá wúlò fún iṣẹ́ tó sọ fún ẹni tó tà á. Ẹ lè gbé ẹjọ́ náà lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà, tàbí LASCOPA tí í ṣe ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n aláròóbọ̀ orí àtẹ̀gùn, ta ni ẹ fẹ́ kọ lẹ́tà nípa rẹ̀? Mo ti fi nọ́ńbà àkáǹtì yẹn sun báǹkì mi, mo ṣì ń retí wọn.

Ẹ ṣọ́ ínkì náà o. Ínkì lásán wà nínú ike sublimation lọ́jà báyìí. Sublimation máa ń ṣú lórí bébà, ìgbà tó bá jáde lábẹ́ ooru ló ń tàn. Tó bá ti ń tàn yanran lórí bébà, ẹ fura.

Òwúrọ̀ òní, oníbàárà mi kan fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní òun rí ibi tó pọ̀. Key holder mẹ́fà lórí táìsì aláwọ̀ ewé, àtàǹpàkò kan tó ní òrùka fàdákà yọjú ní igun apá òsì. Mo mọ àtàǹpàkò yẹn, òun ló dì mí lọ́wọ́ mú. Nọ́ńbà tuntun ni. Ó ti já a sí ₦430.