Ìyàwó yé wa, ilé yé wa, ọkọ ni kò yé wa: àgbéyẹ̀wò ìwé Rebecca

Àwa mẹ́fà ni a ka ìwé Rebecca ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lásìkò òjò tó kọjá, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì fi kà á, èyí tí mo rà ní 1.500 sẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ létí títì. Láti ọwọ́ mi ó bọ́ sọ́wọ́ àbúrò mi tó ń kọ́ni ní èdè Faransé ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá aláṣọ kan ní ọjà Ouando, lẹ́yìn náà ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tí ẹja pípa lórí ọ̀sà jẹ́ iṣẹ́ ìdílé wọn. Nígbà tó fi padà sọ́wọ́ mi, èèpo rẹ̀ ti ya, ó ń rùn ẹja yíyan díẹ̀, àríyànjiyàn sì ti gbòde. Kò sí ẹni tó sọ pé ìwé náà kò dùn. Ohun tí a ń jà lé lórí ni bóyá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn bíi tiwa.

Ẹni tí kò bá tíì kà á, tí kò sì fẹ́ kí a tú àṣírí rẹ̀ fún òun, kó dúró níhìn-ín, nítorí a kò lè jiyàn lórí bóyá ìtàn ṣeé gbà gbọ́ láìsọ ibi tó parí sí. Daphne du Maurier, obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ ọ́, ó sì jáde ní ọdún 1938. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá, ń bá obìnrin olówó ará Amẹ́ríkà kan, Mrs Van Hopper, rìn kiri gẹ́gẹ́ bí alábàárìn tí wọ́n ń sanwó fún. Ní Monte Carlo ni ó ti pàdé Maxim de Winter, ọkùnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó ìlọ́po méjì tirẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀, Rebecca, kú sínú òkun. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi gbéyàwó, tí ọkùnrin náà sì mú un lọ sí Manderley, ilé ńlá ìdílé wọn létí òkun, níbi tí ohun gbogbo ti ń lọ bí olóògbé ṣe tò ó kalẹ̀, láti orí tábìlì ìkọ̀wé rẹ̀ títí dé orí ohun tí wọn yóò jẹ lọ́sàn-án. A kò rí Rebecca láàyè rí nínú ìwé náà, síbẹ̀ òun ló ni ín.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Kétu, tó wà láàárín wa, ní orí ìgbéyàwó náà ni òun ti fẹ́ pa ìwé dé. Ó ní nílé àwọn, kò sí ẹni tí yóò fọmọ fún ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú sómi láìkọ́kọ́ wádìí ohun tó gbé obìnrin náà dé inú omi. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni a fi ń ṣe ìwádìí, ọmọbìnrin yìí kò sì ní ẹnì kankan. Ẹni kan ṣoṣo tó dà bí alágbàtọ́ rẹ̀ ni obìnrin ará Amẹ́ríkà yẹn, èyí tó jẹ́ pé òfófó nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ kò le láti gbà gbọ́ rárá.

Ẹ̀sùn tí àbúrò mi fi kan òǹkọ̀wé ni pé ẹni tó ń sọ ìtàn kò ní orúkọ. Láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé òpin, a kò gbọ́ orúkọ àbísọ rẹ̀. Wọ́n kàn sọ fún wa pé orúkọ náà dára, pé kò sì wọ́pọ̀. Àbúrò mi ní ọgbọ́n àgbọ́njù òǹkọ̀wé ni, pé kò sí ilé tí ènìyàn yóò gbé tí ẹnikẹ́ni kò ní pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá aláṣọ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ti lo ọdún 31 nílé ọkọ, àwọn tó sì ń pe orúkọ àwọn níbẹ̀ kò pé mẹ́ta: ìyàwó ni wọ́n títí wọ́n fi bímọ, ìyá ọmọ wọn ni wọ́n sì ń jẹ́ láti ìgbà náà wá. Lẹ́yìn èyí, mo tún orí keje àti ìkẹjọ kà, mo sì rí i pé ibẹ̀ ni agbára ìwé náà wà. Tẹlifóònù dún nínú yàrá tí Rebecca ti máa ń kọ lẹ́tà, ẹnì kan béèrè ìyáàfin ilé, ìyàwó tuntun sì dáhùn tọkàntọkàn pé àṣìṣe ni wọ́n ṣe, pé ìyáàfin ilé ti kú ó lé lọ́dún kan. Ó ti gbé e sílẹ̀ kó tó rántí pé òun fúnra òun ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tó bá ti wọ ilé tí wọ́n ṣì ń pe àwo ní àwo ìyálé, tí wọ́n ń pe àga ní àga ìyálé, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àròsọ.

Lórí Mrs Danvers, ẹ̀yà méjì ni a pín sí. Òun ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé, òun ló bá Rebecca wá nígbà tí Rebecca jẹ́ ìyàwó, ó sì ń tọ́jú yàrá olóògbé bí ẹni pé onítọ̀hún kàn lọ sọ́jà: aṣọ ìsùn wà lórí ibùsùn, búrọ́ọ̀ṣì ìrun wà lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n apẹja ní obìnrin náà burú jù, pé kò sí ènìyàn tó burú láti àárọ̀ títí di alẹ́ láìsinmi. Mo gbà pé òǹkọ̀wé fi iyọ̀ sí i díẹ̀ jù, pàápàá jù lọ níbi tó ti dúró ti ìyàwó tuntun lójú fèrèsé, tó ń rọ̀ ọ́ pé kó bẹ́ sílẹ̀ kó kú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ àríyá. Wọ́n fẹ́ ṣe ijó tí olúkúlùkù yóò fi wọ aṣọ ẹlòmíràn, Mrs Danvers sì gba ìyàwó níyànjú pé kó dá aṣọ funfun bí èyí tó wà lára àwòrán Caroline de Winter, ọ̀kan nínú àwọn ará àtijọ́ ìdílé náà, tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri. Ọmọbìnrin náà fi ìdùnnú ní kí wọ́n rán aṣọ náà fún òun ní ìkọ̀kọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ní kí onílù lu ìlù kó sì kéde orúkọ Caroline de Winter, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bọ̀ nílẹ̀. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ojú ọkọ rẹ̀ funfun bí eérú, ó ní kó lọ bọ́ ọ kíákíá, nítorí aṣọ yẹn gan-an ni Rebecca wọ̀ níbi àríyá tó ṣe kẹ́yìn. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ sókè fún wọn, akẹ́kọ̀ọ́ Kétu ní, “Wọ́n ti gbé e sínú ẹ̀kú.” Kò sí ẹni tó tún ní àlàyé ṣe lẹ́yìn èyí. Àwa tí a dàgbà ní ìlú tí egúngún ti ń jáde, tí a mọ bí ariwo ṣe ń kú lẹ́nu ọmọdé nígbà tí ìlù bá yí padà, tí a rí aṣọ òkú tí ó ń rìn bọ̀, a mọ ohun tí àwọn àlejò Manderley rí lórí àtẹ̀gùn yẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó wọ ẹ̀kú kò mọ̀ pé ẹ̀kú ni òun wọ̀.

Ibi tí ìwé náà ti tàn mí díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn àríyá náà tí ọkọ̀ òkun kan ṣìnà nínú kùrukùru, tó sì gúnlẹ̀ sórí òkúta létí òkun Manderley gan-an; òmùwẹ̀ tí wọ́n rán lọ wo ìdí ọkọ̀ náà ló rí ọkọ̀ kékeré Rebecca nísàlẹ̀, òkú sì wà nínú yàrá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò jẹ́ kí èyí kọjá. Wọ́n ní omi tí kò jìnnà sílẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń pẹja nínú rẹ̀, kì í pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ọdún kan ó lé. Àwọ̀n ẹnì kan ì bá ti há sí òpó rẹ̀. Wọ́n tún béèrè ìdí tí Maxim fi dá nìkan lọ wo òkú obìnrin mìíràn tí omi gbé jáde lẹ́yìn oṣù méjì, tó ní Rebecca ni, tí wọ́n sì sin ín sínú ibojì ìdílé láìsí ìbátan kan tó bá a lọ wò ó. Èmi fi ti ọta ìbọn kún un: ó gba inú ọkàn kọjá láìkan egungun kan ṣoṣo, kí dókítà má baà rí nǹkan kan sọ. Ó rọrùn jù. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n yin ẹni tó kan ọkọ̀ náà, tó wá jẹ́rìí pé láti inú ni wọ́n ti lu àwọn ihò tó rì í, kì í ṣe òkúta ló dá a lu. Wọ́n ní òun nìkan ni ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú gbogbo ìwé náà. Pé àwọn tó ṣe ìwádìí ikú gbà pé obìnrin náà ló pa ara rẹ̀, tí adájọ́ àgbègbè náà sì jẹ́ ọ̀rẹ́ tó ń bá ẹni tí wọ́n fura sí jẹun, ibẹ̀ nìkan ni gbogbo wa gbà gbọ́ láìjiyàn.

Ìjà tó tóbi jù lọ dé nígbà tí a kan orí tí Maxim ti jẹ́wọ́. Ó ní òun ló yìnbọn pa Rebecca, pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀ rí, pé obìnrin búburú ni. Ìyàwó tó gbọ́ èyí kò sá, kò sunkún nítorí ẹni tó kú. Ohun kan ṣoṣo tó mú nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ọkọ òun kò fẹ́ràn Rebecca. Ìyá aláṣọ gbé ìwé náà lulẹ̀. Wọ́n ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó, pé obìnrin tí orí rẹ̀ pé yóò ti di ẹrù kí ilẹ̀ tó mọ́. Àbúrò mi gbè wọ́n lẹ́yìn.

Èmi kò gbè wọ́n. Kì í ṣe pé ohun tí ìyàwó ṣe dára lójú mi, ṣùgbọ́n mo gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yẹn ni ó ti ń bá òkú dúpò, tó ń ka ìkọ̀wé òkú, tó ń gbọ́ bí ẹwà òkú ṣe tó. Ẹni tí ìjowú ti gbà lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ kò ní etí mìíràn láti fi gbọ́ ìró ìbọn. Ohun tí èmi kò gbà gbọ́ ni ọkọ. Ẹnu rẹ̀ ni a ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ Rebecca, ẹni tó kú kò sì lè rojọ́. Nígbà tí dókítà tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù wá sọ pé àrùn jẹjẹrẹ ti ń jẹ Rebecca, pé kò sì lè lóyún láé, a lóye pé ó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ oyún fún ọkọ rẹ̀ kó lè mú un bínú. Ó bọ́ sí ọwọ́ ọkọ dáadáa jù: ẹni tó pa ènìyàn wá di ẹni tí òkú fúnra rẹ̀ tàn jẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ẹnì kẹfà wa kò ka ju ìdajì lọ, nítorí náà a kò bi í.

Fíìmù tí Alfred Hitchcock ṣe ní ọdún 1940 tilẹ̀ bà á jẹ́ sí i níbi yìí. Òfin tí àwọn onífíìmù Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé nígbà náà kò gbà kí ọkọ tó pa aya rẹ̀ lọ láìjìyà, wọ́n sì yí i padà pé Rebecca ló ṣubú tó forí gbá nǹkan. Bí kò bá sí ìbọn, kí ni ìyàwó wá dárí jì? Du Maurier bẹ̀rẹ̀ ìwé náà ní Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, níbi tí wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ sójà lọ, ó ń ṣàárò etíkun Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú oòrùn tí kò fẹ́ràn, ó sì ń jowú obìnrin kan tó ti jẹ́ àfẹ́sọ́nà ọkọ rẹ̀ rí. Èyí ni kò jẹ́ kó yà mí lẹ́nu pé ilé náà àti ìjowú náà dúró ṣinṣin, tí ọkọ̀ àti ọta ìbọn sì ń mì. Ilé náà pàápàá, ẹni tó bá ti kọjá níwájú àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wá, kọ́ sí Àjàṣẹ́, tí òdòdó ara ògiri wọn ti ń ré, tí ilẹ̀kùn wọn ṣì ń pàṣẹ fún àwọn tó jogún wọn, kò ní béèrè bóyá ilé lè lágbára ju ènìyàn lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀dà tí ẹ ó rà. Ìtumọ̀ Faransé àtijọ́ tí Denise Van Moppès ṣe ló wà lọ́wọ́ wa, wọ́n sì ti gé àwọn ibì kan kúrò nínú rẹ̀. Èyí tí Anouk Neuhoff tún ṣe, tó jáde ní ọdún 2015, pé ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni mo sì dámọ̀ràn fún ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé e. Ẹ̀dà tèmi tún ní àléébù tirẹ̀: odindi ojú ewé mẹ́rìndínlógún ti já kúrò níbi ìwádìí ikú, ibẹ̀ gan-an ni àbúrò mi sì ti fi ọ̀sẹ̀ méjì bá wa jiyàn lé lórí kó tó jẹ́wọ́ pé òun kò kà á. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Ó ní òun kì í ka ewé kí òun tó ta ìwé. Ìyá aláṣọ ti ní kí n bá àwọn wá èyí tuntun náà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá inú ewé tí wọ́n gé kúrò ni ìyàwó ti di ẹrù rẹ̀.