Kí Ni Áàpù Yẹn Ń Kà? Ìfiwéra Duolingo, Anki, Busuu, Babbel àti Memrise fún Ẹni Tó Fẹ́ Sanwó Kọ́ Èdè

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni alájọ máa ń dé ìsọ̀ wa ní Balógun. Á gba owó, á sàmì sí káàdì, á kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lórí káàdì náà, kò sì sí ẹni tó ń dá àjọ tó fẹ́ kí ọ̀kan ṣófo. Mo ti rí obìnrin tó yáwó lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ nítorí àmì ọjọ́ kan. Kò burú, torí tí oṣù bá parí, alájọ á mú owó ọjọ́ kan tirẹ̀, á ka ìyókù lé e lọ́wọ́.

Áàpù tí wọ́n fi ń kọ́ èdè náà ní káàdì tirẹ̀. Streak ni wọ́n ń pè é: iye ọjọ́ tí ẹ fi ṣe ẹ̀kọ́ láì pa ọ̀kan jẹ. Mo dá irú àjọ yìí lórí áàpù kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí Faransé. Ó ti lé ní igba ọjọ́ nígbà tí oníbàárà kan láti Abidjan wọ ìsọ̀ mi. Ó gbé léèsì aláwọ̀ búlúù kan sókè, ó ní: "Vous faites combien pour dix pièces?" (Èló lẹ máa ta ẹyọ mẹ́wàá?) Mo gbọ́ dix, ìyẹn mẹ́wàá. Ìyókù kọjá lórí mi. Ẹnu tó ti ń sọ fún fóònù láràárọ̀ pé ọmọkùnrin náà ń jẹ èso ápù kò rí nǹkan kan sọ nípa léèsì. Mo fa kalikulétọ̀ yọ, mo tẹ iye owó sí i, mo nà án sí i. Ó ra ẹyọ mẹ́ta. Méje tó kù, ìsọ̀ tó kọjú sí tèmi ló ti rà á, lọ́wọ́ ọmọ Kutonu kan tó ń bá a rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń yẹ àwọn áàpù wọ̀nyí wò bí wọ́n ṣe ń yẹ léèsì wò. A kì í wo ojú léèsì nìkan, a máa ń yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Ìbéèrè kan ni mo ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: kí lò ń kà? Ohun tí áàpù bá ń kà lẹ máa mọ̀ ọ́n ṣe. Bó bá ń ka ọjọ́, ẹ ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọjọ́. Bó bá ń ka ọ̀rọ̀ tí ẹ rántí, ọ̀rọ̀ á dúró sí yín lórí. Bó bá ń ka gbólóhùn tí ẹ fúnra yín gbé kalẹ̀, ẹ ó di ẹni tó ń gbé gbólóhùn kalẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi ń dè wá mọ́lẹ̀

Eré kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀kọ́. Ení bí ení, èjì bí èjì la fi kọ́ òǹkà ní kékeré. Bí a ṣe ń ṣeré náà la ń kà á, nígbà tí eré sì parí, òǹkà ti wà lẹ́nu wa. Níbẹ̀, ẹni tó bá jáwé olúborí nínú eré ti mọ ẹ̀kọ́ náà nìyẹn. Lórí fóònù, ó ṣeé ṣe kéèyàn jáwé olúborí nínú eré kó má sì mọ nǹkan kan, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ rajà fojú sí.

Streak ló lágbára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń lò. Ní 1979, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣàlàyé pé àdánù máa ń dun ènìyàn ju bí èrè tó bá a dọ́gba ṣe ń dùn mọ́ ọn. Ọlọ́jà mọ èyí láìka ìwé: ẹgbẹ̀rún márùn-ún tó jábọ́ lápò lónìí á gba oorun lójú ẹni, ẹgbẹ̀rún márùn-ún tó wọlé láná, a ti gbàgbé rẹ̀. Ọjọ́ kẹta streak kò wúwo. Tó bá di ọgọ́rùn-ún ọjọ́, Faransé kọ́ lẹ̀ ń lé mọ́, òdo lẹ̀ ń sá fún.

Mo rántí alẹ́ ọjọ́ kan nílé wa ní Sùúrùlérè. Aago 11:48. NEPA ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kò ní epo, bátìrì fóònù ku ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, mo wá ẹ̀kọ́ tó rọrùn jù lọ, èyí tí mo ti ṣe tó bí ìgbà ogún, mo tẹ̀ ẹ́ tán kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Fóònù kú. Streak yè. Ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo kò kún ti àná.

Èkejì ni àpótí ẹ̀bùn tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí ẹ ó fi ṣí i. B. F. Skinner, onímọ̀ nípa ìhùwàsí, rí i lára ẹyẹlé nínú ìwádìí rẹ̀ pé bí oúnjẹ bá ń wá ní ìgbà tí ẹyẹ kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò ní yéé sọ bọ́tìnnì lẹ́nu. Ẹni tó bá ti rí àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ lótò ní ìdí káńtà lówùúrọ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ̀kẹta ni ìdíje ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí. Ẹ̀kẹrin ni ìránnilétí. BJ Fogg, tó dá yàrá ìwádìí kan sílẹ̀ ní yunifásítì Stanford ní 1998 lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè yí ìṣe ènìyàn padà, sọ pé nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé kí ènìyàn tó ṣe nǹkan: kó wù ú, kó rọrùn fún un, kí ohun kan sì pè é lásìkò. Ìránnilétí ni ìpè yẹn. Ó lè pè yín síbi iṣẹ́, ó sì lè kàn máa pè yín ṣáá.

Duolingo àti Anki: ọ̀kan kún fún eré, ìkejì kò ní rárá

Luis von Ahn, ọmọ Guatemala, àti Severin Hacker, ọmọ Switzerland, ló dá Duolingo sílẹ̀ ní ìlú Pittsburgh, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ayé ní 2012. Nínú márààrún, òun ló kó eré jọ jù. Streak wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń dáàbò bò ó ní ọjọ́ tí ẹ bá pa jẹ sì wà níbẹ̀, Streak Freeze. Ìdíje ọ̀sẹ̀ máa ń kó nǹkan bí ọgbọ̀n ènìyàn sójú kan, ipò mẹ́wàá ló wà láti Bronze dé Diamond, ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ lè jábọ́ padà. Òwìwí aláwọ̀ ewé kan, Duo, ló ń pe ènìyàn. Bí ẹ kò bá dá a lóhùn fún ọjọ́ mélòó kan, á ránṣẹ́ pé ó jọ pé ìránnilétí òun kò ṣiṣẹ́, òun á dáwọ́ dúró. Ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn mọ bí ọkàn ènìyàn ṣe rí dáadáa. Ní 2020, àwọn òṣìṣẹ́ wọn tẹ ìwé ìwádìí jáde nípa bí ẹ̀rọ ṣe ń yan ìránnilétí tó máa mú ènìyàn padà wá, tí kò sì ní máa tún ọ̀kan náà lò títí á fi sú yín.

Kí n má ṣe àbùkù sí i: ẹ̀kọ́ wà lábẹ́ eré náà. Ní 2016 wọ́n gbé ìṣirò kan jáde tó ń díwọ̀n bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á ṣe pẹ́ tó ní orí ẹni kó tó sọnù, kí wọ́n lè mú un padà wá lásìkò. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láì san kọ́bọ̀. Bí ilé yín bá sì kún fún ọmọ, ètò ẹbí rẹ̀ gba ènìyàn mẹ́fà, ẹ lè pín owó náà láàárín ara yín.

Àwòrán ọkàn márùn-ún (hearts) tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré ni mo bá jà. Àṣìṣe kan, ọkàn kan lọ. Láti 2025 ni wọ́n ti ń fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀, agbára tó ń dínkù bí ẹ ṣe ń dáhùn ìbéèrè, ẹ gbà á tàbí ẹ kò gbà á. Bó bá tán, ẹ dúró, ẹ wo ìpolówó, tàbí ẹ sanwó. Lójú tèmi, ẹni tó ń kọ́ èdè yẹ kó lè ṣe àṣìṣe lọ́fẹ̀ẹ́ títí ẹnu rẹ̀ á fi là. Kí sì ni Duolingo ń kà? Ọjọ́ àti máàkì. Ẹ̀kọ́ tó rọrùn ní máàkì tirẹ̀ náà, ẹni tó bá ń lé ipò kì í pẹ́ mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn.

Anki kò ní òwìwí. Kò ní ipò, kò ní àpótí, kò sì rẹwà. Damien Elmes ló gbé e jáde ní 2006. Káàdì ni gbogbo rẹ̀: ìbéèrè lójú, ìdáhùn lẹ́yìn. Ẹ rò ó, ẹ yí i, ẹ sọ fún un bóyá ẹ gbà á tàbí ó nira. Èyí tó nira á padà wá lónìí, èyí tó rọrùn á wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn ọdún. Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1885 bí ohun tí a há sórí ṣe ń yọ́ lọ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, orí ọgbọ́n yẹn ni Anki dúró sí. Ohun tó ń kà ni ohun tí ẹ rántí.

Mo fi í lélẹ̀ fún ọmọọṣẹ́ mi. A jókòó lórí àpò ọjà lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, a ṣe ọgọ́ta káàdì, gbogbo rẹ̀ ọ̀rọ̀ léèsì. Ojú: *Ó ti wọ́n jù.* Ẹ̀yìn: *C'est trop cher.* Ojú: *Iye tí mo lè gbà kẹ́yìn nìyí.* Ẹ̀yìn: *C'est mon dernier prix.* Yorùbá ni ojú káàdì. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí àwọn áàpù mẹ́rin yòókù, ẹ̀yìn Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa gbà kẹ́ ẹ tó dé Faransé, ọmọ yìí kò sì fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì rárá. Kí oṣù kejì tó tán, mo wà lẹ́yìn ìsọ̀, mo gbọ́ tó ń wí fún oníbàárà kan láti Lomé pé, "C'est mon dernier prix, madame." Obìnrin náà tún un ní ohùn ṣe, ó sanwó. Ọmọ náà yíjú sí mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ gbọ́ ọ?"

Ọ̀fẹ́ ni lórí Android àti kọ̀ǹpútà, kì í sì í jẹ dátà tí káàdì bá ti wà nínú rẹ̀. Ní Play Store, AnkiDroid ni orúkọ rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra, àwọn mìíràn wà tó fi orúkọ Anki bojú tí wọ́n ń gba owó oṣù. Lórí iPhone, owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 24.99, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa san án. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ pa á tì fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó bá òkìtì káàdì tó lè lé yín sá. Kì í sì í kọ́ni bí wọ́n ṣe ń so gbólóhùn pọ̀. Ohun tí ẹ bá kó sínú rẹ̀ náà lẹ máa kó jáde.

Busuu àti Babbel

Èdè kékeré kan ní Kamẹrúùnù, tí àwọn tó ń sọ ọ́ kò tó nǹkan mọ́, ni Busuu ti gba orúkọ rẹ̀. Ní 2008 ló bẹ̀rẹ̀ ní Sípéènì, ilé iṣẹ́ Chegg ti Amẹ́ríkà sì ni ó ni ín báyìí. Òun náà ní streak àti ìdíje, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ẹ máa kọ gbólóhùn tàbí kẹ́ ẹ sọ ọ́ sínú fóònù, ẹni tó ni èdè náà á tún un ṣe fún yín. Ẹ̀yin náà á tún Gẹ̀ẹ́sì ti ẹlòmíràn ṣe. Ohun tó ń fà yín padà níbí ni pé ènìyàn kan jókòó tì yín. Ó sì ń tẹ̀lé ìpele A1 (ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀), A2, B1, B2 tí àwọn ilé ìdánwò ní Yúróòpù ń lò, èyí dára fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ń múra àtilọ sí Jámánì, torí B2 ni wọ́n sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn. Ìdánwò Goethe, tí wọ́n fi ń mọ bí ènìyàn ṣe gbọ́ èdè Jámánì tó, máa ń yẹ kíkà, gbígbọ́, kíkọ àti sísọ wò. Kì í béèrè streak.

Ìlú Berlin ni Babbel ti wá. Èdè mẹ́rìnlá ló ń kọ́ni, kò sí èdè Áfíríkà kan nínú wọn. (Duolingo ní Swahili àti Zulu, kò ní Yorùbá.) Eré inú rẹ̀ kéré, ìtàkùrọ̀sọ bíi ti ilé ìtura àti ilé oúnjẹ ló pọ̀ níbẹ̀, àlàyé gírámà sì ṣe kedere. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló jẹ́ ọ̀fẹ́, owó tí ẹ ti san náà ló sì ń tì yín padà síbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún àgbàlagbà tí eré kò wù.

Memrise, láti London, ní 2010: fídíò kúkúrú àwọn ènìyàn gidi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ó dára fún etí. Bí èèyàn bá ti ní òmíràn, kò pọn dandan kó tún ra èyí.

Kẹ́ ẹ tó fi nọ́ńbà káàdì sílẹ̀

Ọjọ́ méje ọ̀fẹ́ ni àwọn kan nínú wọn fi ń gba àlejò. Ní ọjọ́ kẹjọ, owó ọdún kan lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ti pa áàpù náà rẹ́ kúrò lórí fóònù, mo rò pé ó ti tán. Kò tán. Ẹ lọ sí Play Store, ẹ tẹ àwòrán ara yín lókè, ẹ wá ibi ìsanwó, ẹ fagi lé e níbẹ̀. Ẹ lè fagi lé e ní ọjọ́ kìíní gan-an, ẹ ó sì máa lò ó lọ títí ọjọ́ méje á fi pé. Harry Brignull, tó ń ṣiṣẹ́ lórí bí ìkànnì ṣe ń rí lójú ẹni tó ń lò ó, ló fún irú ètò tó máa ń tan ènìyàn báyìí, bí èyí tó máa ń jẹ́ kí wíwọlé rọrùn, kí jíjáde sì ṣòro, ní orúkọ ní 2010: dark patterns. Bí ẹ bá rí ẹdínwó tí aago ń sáré lábẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí aago náà sáré tán. Òmíràn á tún dé.

Owó oṣù kan ni kẹ́ ẹ san, ẹ má tíì san ti ọdún. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan lórí iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe, ní èdè tí ẹ̀ ń kọ́. Bí ẹ kò bá rí ìṣẹ́jú kan sọ, ẹ fi owó oṣù kejì wọkọ̀ lọ sí Alliance Française, ilé tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Faransé, ní Osborne Road, Ìkòyí, kẹ́ ẹ béèrè iye kíláàsì.

Èmi san ti oṣù kan lórí Busuu, èmi àti ọmọọṣẹ́ mi sì ń fi Anki há ọ̀rọ̀ ọjà sórí. Mo ti pa ìránnilétí gbogbo wọn. Nígbà tí alájọ bá ti sàmì sí káàdì tán ní aago mẹ́rin, tó yí ẹ̀yìn padà, ọmọọṣẹ́ mi á na fóònù sí mi, a ó sì yí káàdì ogún.