Eyín Ọgbọ́n Mi Láàárín NHS àti Adójútòfò: Ohun Tí Mo San àti Ohun Tí Mo Rí Gbà

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni ẹran ìdí eyín mi tó gbẹ̀yìn lápá ọ̀tún nísàlẹ̀ wú, tó fi jẹ́ pé agbára káká ni ṣíbí ìmukọ fi ń wọ ẹnu mi. Eyín ọgbọ́n ni. Ó dùbúlẹ̀ sínú egungun, ó sì forí ti eyín tó ṣáájú rẹ̀. Ìlú Manchester ni mò ń gbé, ọ̀nà méjì ni mo sì ní: NHS, ètò ìlera ti ìjọba, àti ètò adójútòfò eyín tí mò ń san £16 fún lóṣooṣù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà. Mo gbìyànjú méjèèjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé ló gbà pé £1,035 tí a ń san lórí físà fún ọdún kọ̀ọ̀kan ti kó ọ̀rọ̀ eyín mọ́ra. Owó yẹn jẹ́ kí a lè lo NHS bí onílùú ṣe ń lò ó, ṣùgbọ́n onílùú pàápàá ń san owó eyín ní England.

Ìtọ́jú pàjáwìrì àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ dókítà eyín NHS gba £27.40. Dókítà náà fọ abẹ́ ẹran tó bo eyín náà, ó kọ metronidazole, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, fún mi, èyí tó gba £9.90 lọ́wọ́ mi níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ eyín náà lọ́jọ́ náà, kò gbà. Inú bí mi, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣàlàyé, mo rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe bó ti yẹ: ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún NHS, gbé jáde ní ọdún 2000 ni pé kí wọ́n má ṣe yọ eyín ọgbọ́n tí kò lárùn, àti pé bí ẹran ìdí rẹ̀ bá wú nígbà àkọ́kọ́, kí wọ́n má torí ìyẹn yọ ọ́ àyàfi tó bá le gan-an. Nígbà tó tún wú ní oṣù Kẹsàn-án, kò jiyàn mọ́. Lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ló kọ.

Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ṣáájú ni pé ibi tí wọ́n bá ti yọ eyín ló ń pinnu owó rẹ̀. Bí dókítà eyín NHS ní àdúgbò bá yọ ọ́, ìsọ̀rí kejì nínú owó eyín NHS ni, èyí tó jẹ́ £75.30 ní ọdún 2025, ì báà jẹ́ eyín kan tàbí mẹ́ta nínú ìtọ́jú kan náà. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá ti NHS ni wọ́n fi ọ́ ránṣẹ́ sí, o kò ní san kọ́bọ̀. Aláboyún, ẹni tó bímọ láàárín oṣù méjìlá sẹ́yìn, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, àti ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí HC2 nítorí pé owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan, kì í san rárá, ibi yòówù kó jẹ́. England ni mò ń sọ o. Ètò Scotland àti Wales yàtọ̀.

Ní ti adójútòfò, mo fi lẹ́tà àti àwòrán eyín ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n dá mi lóhùn pé dókítà ti kọ ọ́ sínú fáìlì mi, kí n tó forúkọ sílẹ̀, pé kí wọ́n máa ṣọ́ eyín náà, nítorí náà àwọn kò ní san owó yíyọ rẹ̀. Mo ka ìwé àdéhùn wa lálẹ́ ọjọ́ náà, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tó tà á fún mi lórí fóònù gbọ́ pé nítorí eyín yìí gan-an ni mo ṣe ń rà á, kò sì la ẹnu rẹ̀. Kí n má parọ́ mọ́ wọn, wọ́n tètè dá £27.40 ìtọ́jú pàjáwìrì mi padà. Dókítà aládàáni kan sọ pé òun lè yọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, £480. N kò ní in.

Oṣù márùn-ún ni mo fi dúró de ilé ìwòsàn NHS, oṣù márùn-ún tí mò ń fi apá kan jẹun. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, kí n tó fọwọ́ sí ìwé pé mo gbà, dókítà fi ìka tọ ibi tí iṣan ìmọ̀lára ti gba abẹ́ gbòǹgbò eyín náà kọjá nínú àwòrán, ó ní ètè àti ahọ́n mi lè kú tipiri fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè má lọ mọ́. Abẹ́rẹ́ nìkan ló dùn mí. Lẹ́yìn ìyẹn, mo kàn ń gbọ́ ariwo bí ìgbà tí èèyàn ń pa ẹ̀kùrọ́ ni. Wọ́n gé eyín náà sí méjì, ó jáde. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ fi omi yọ ẹnu títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ̀jẹ̀ tó dì sójú ihò náà má baà ṣí kúrò. Ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀ ni mo jẹ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Wọn kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ti fagi lé ètò adójútòfò náà, £16 rẹ̀ ni mò ń fi pamọ́ báyìí lóṣooṣù, nítorí pé eyín ọgbọ́n apá òsì ṣì wà níbẹ̀.