WordPress fún ìkànnì ìdáàbòbò òkun, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí òkun ò sí

WordPress, ètò tí a fi ń kọ́ ìkànnì, fúnra rẹ̀ ò gba kọ́bọ̀. Hosting (àyè tí ìkànnì ń gbé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) àti orúkọ ìkànnì lowó ń lọ sí. Téèmù (ìrísí ìkànnì) Twenty Twenty-Four tó jẹ́ ti WordPress fúnra rẹ̀ tó iṣẹ́ yìí ṣe. Èyí tí wọ́n ń tà, tí àwòrán inú rẹ̀ ń yí gbirigbiri, ẹrù lásán ni lórí fóònù.

Fọ́tò ló máa ń ba irú ìkànnì yìí jẹ́. Fọ́tò fóònù lè tó 4MB. WordPress máa ń dín èyí tó bá ju 2560 píksẹ́lì lọ kù, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì pọ̀ fún ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, kì í sì í dá sọ JPEG di WebP (irú fáìlì fọ́tò tó fúyẹ́ ju JPEG lọ). Ẹ gbé e sí Squoosh (ìkànnì tó ń dín fọ́tò kù): fífẹ̀ 1200 píksẹ́lì, WebP, quality 75. Bó bá ṣì ju 200KB lọ, ẹ sọ quality di 65. Fídíò ìgbì tó ń dá ṣí lójú ewé àkọ́kọ́ ńkọ́? Kí ìgbì tó jáde, dátà ti lọ, ẹni tó wá wò ó náà ti lọ.

Láti WordPress 6.5 ni Font Library, ibi tí ẹ ti lè fi fọ́ǹtì (irú lẹ́tà) kún ìkànnì, ti wà. Ẹ kọ́kọ́ fi «Ọ̀ṣun», «ẹ̀ẹ́» àti «ọ̀ṣọ́» dán fọ́ǹtì wò. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, àmì ohùn á fò kúrò lórí lẹ́tà. Noto Sans ò já mi kulẹ̀. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì ojú ewé láìsí àmì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè di % àti nọ́ńbà lórí WhatsApp.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá kọ́kọ́ rí whale lójú ewé àkọ́kọ́ á ní «ó dáa», á sì kọjá. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà inú gọ́tà ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú: odò Ọbà ń gbé e dé Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun ń gbé e dé ọ̀sà Lẹ́kkí, òkun ló kàn. Ẹ fi Leaflet (kóòdù tó ń gbé máàpù sójú ewé) fa ilà ipa omi yẹn sórí máàpù ọ̀fẹ́ OpenStreetMap, kẹ́ ẹ má sì yọ orúkọ OpenStreetMap kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ pa dragging (fífi ìka fa máàpù) lórí fóònù, torí bí ìka bá bọ́ sórí máàpù, ojú ewé ò ní lọ mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ìjàpá òkun yọjú. Ti inú àlọ́ la mọ̀, a ò mọ èyí tó ń fi ọ̀rá pe jellyfish (ẹran òkun tó rọ̀ bí jẹ́lì) tó sì ń gbé e mì.

Bó bá jẹ́ ojú ewé kan ṣoṣo lẹ fẹ́, WordPress ti pọ̀ jù. HTML lásán (ojú ewé tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ kóòdù rẹ̀) tó, ẹ ò sì ní máa sá tẹ̀lé update.