Hítà omi náà dára, púlọ́ńbà tó gbé e kọ́ ló kù díẹ̀ kó bó ìyá mi

Lítà 50 ni hítà tí mo rà, 1,500 wáàtì ni iná tó ń jẹ. Ó ti lé ní oṣù márùn-ún tó ti wà lára ògiri balùwẹ̀ wa n'Íjẹ̀bú-Òde. Hítà fúnra rẹ̀ ò ṣẹ̀ mí. Bí Nẹ́pà bá mú iná wá fún wákàtí méjì, omi ti gbóná. Bí wọ́n bá mú un lọ lóru, omi á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí di àárọ̀.

Ti púlọ́ńbà ni mo bá wá. Ìyá mi wá bá wa ṣe Ojúde Ọba. Ibi gbogbo tí mo ti ṣí ẹ̀rọ omi rí, òsì ni gbígbóná ń wà, ọ̀tún ni tútù, ọwọ́ ìyá mi náà sì ti mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣí t'ọ̀tún, omi gbígbóná ló ya lù wọ́n lọ́wọ́. Ariwo tí wọ́n pa! A fi omi tútù ṣàn án fún ogún ìṣẹ́jú. Ó pọ́n, ṣùgbọ́n kò lé.

Mo pe púlọ́ńbà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi gbígbóná lẹ sanwó fún, ṣé ọwọ́ òsì lẹ wá fẹ́ kí n gbé e sí ni?" Inú ń bí mi lọ́wọ́, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ọmọ Yorùbá ló fi ṣe, kò ṣe bíi púlọ́ńbà.

Mo gbé ẹlòmíì wá. Ti síńkì ò le, rọ́bà méjì abẹ́ rẹ̀ ló yí sí ara wọn. Ti ṣáwà ló náni lówó, inú ògiri ni páìpù wà, táìlì mẹ́fà la fọ́. Ibẹ̀ la ti wá rí i pé páìpù PVC lásán, tó máa ń rọ̀ bí omi bá gbóná tó 60°C, ni ẹni àkọ́kọ́ fi gbé omi gbígbóná. PPR, páìpù oníke tó ń gba omi gbígbóná, ló yẹ kó lò. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni fáàfù kékeré ìdí hítà: ó ti dí i pa, ó ní ó ń kán. Kíkán yẹn gan-an niṣẹ́ rẹ̀ o! Omi tó ń gbóná máa ń wú. Bí ohun tó ń dá ooru dúró bá kọṣẹ́, tí omi ò rọ́nà jáde, hítà lè bú gbàù.

75 ló yí ooru rẹ̀ sí, mo ti dá a padà sí 60. Mi ò jẹ́ kó rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí Legionella, kòkòrò àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, fẹ́ràn omi tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú táńkì. Ṣùgbọ́n 60 náà lè bó èèyàn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, nítorí náà tútù la kọ́kọ́ ń ṣí nílé wa.

Ìràwọ̀ mẹ́rin fún hítà. Ọ̀kan fún púlọ́ńbà àkọ́kọ́, torí pé ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ìyá mi tún wá lóṣù tó kọjá. Mo ṣàlàyé títí pé a ti tún un ṣe, wọ́n ní kí n bá àwọn pọn omi sí bókítì.