Ẹ wọn pánẹ́ẹ̀lì sólà kí ẹ tó sanwó o

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ láti fi ra sólà, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó kówó fún ẹnikẹ́ni.

Aránṣọ ni mí ní Àpáta. Nínú oṣù Òkúdù ọdún tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà Ìwó Road ta pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin fún mi. "Mọ́mì, 550 wáàtì ni ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ ó gbàgbé NẸ́PÀ." Ó fi ₦30,000 dín sí iye tí àwọn yòókù ń pè é. Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he.

Wọ́n gbé e sórí páànù. Tí mo bá tan ìrọ́ọ̀nù pẹ́nrẹ́n, inverter á máa ké. Mo pè é, ó ní òjò ló fà á, kí n ní sùúrù. Òjò lọ, ọyẹ́ dé, ó ní eruku ló bò ó. A fọ̀ ọ́. Nígbà tó di oṣù Ẹrẹ́nà, tí oòrùn ń ta èèyàn lórí bí ata, ìrọ́ọ̀nù ò gbóná, ọ̀gbẹ́ni náà ò sì gbé fóònù mọ́.

Ọmọ oníná kan ládùúgbò wa ló gun òrùlé bá mi wò ó. Òjò ti ká etí sítíkà ẹ̀yìn ọ̀kan sókè. Ó fà á ya, sítíkà mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀: 250. Kódà lórí ti òkè tí wọ́n kọ 550 sí, fóòtì (volt) 30 àti ámúpù (amp) 8.3 ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan ṣe ìlọ́po èkejì kí ẹ lè mọ wáàtì rẹ̀, 249 ni. Olè tí ò mọ ìṣirò!

Ọmọ oníná náà wá ní kí n ju tépù sókè. Ojú tì mí. Tépù tó wà lọ́rùn mi láti àárọ̀, tí mo fi ń wọn àyà àti ìdí oníbàárà, mi ò fi wọn ohun tí mo fowó ara mi rà! Ínṣì 65 ni gígùn rẹ̀, 39 ni ìbú. 550 gidi máa ń tó nǹkan bí ínṣì 90 ní gígùn, ìbú á sì tó 44 tàbí 45. Ọmọ náà ṣàlàyé pé tí oòrùn bá mú gan-an lọ́sàn-án, nǹkan bí 1,000 wáàtì ló ń bọ́ sórí mítà kan níbùú lóròó, pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tà fún wa ò sì mú ju nǹkan bí 20 sí 23 nínú 100 rẹ̀. Tèmi ò tó mítà méjì níbùú lóròó. Ibo ni 550 á ti wá?

Bátìrì náà ní tirẹ̀. Tubular (bátìrì olómi) tí wọ́n kọ 220Ah sí wúwo ju àpò ìrẹsì kílò 50 lọ. Tí ọmọ kan bá dá gbé e síjìká tó ń fò fẹ̀rẹ̀, ẹ bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. (Lítíọ́ọ̀mù fúyẹ́ ní tirẹ̀, ìyẹn ò burú.)

Ọ̀gbẹ́ni tó ta pánẹ́ẹ̀lì fún mi ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ń lọ bá báyìí, lápá Akóbọ̀ àti Mọ́níyà, pé kí wọ́n máa san díẹ̀díẹ̀. Tó bá ní ẹ ò lè wọn ọjà torí pé ó wà nínú páálí, ẹ padà sílé. Ẹni tí ò bá ní tépù, kó yà lọ́dọ̀ mi kó wá yá a.