Ìjókòó Iwájú Tí Ilé-iṣẹ́ Pè Padà fún Àtúnṣe: Ohun Tí Ojú Mi Rí Lọ́dọ̀ Dílà Kan ní Houston

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, èmi, màámi tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn, àti ọmọ mi obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje ń bọ̀ láti ọjà àwọn ará Áfíríkà tí ó wà ní òpópónà Bissonnet ní Houston. Màámi jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ náà sì wà lẹ́yìn wọn gan-an, lórí àga kékeré tí àwọn ọmọdé máa ń lò nínú ọkọ̀. Iná ojú pópó dá wa dúró. Nígbà tí ó ní kí a máa lọ, mo rọra tẹ ọkọ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ipá rárá, ni mo bá gbọ́ "gbàgà". Ibi tí màámi fẹ̀yìn tì ti wó sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja, ojú wọn ń wo òrùlé ọkọ̀, gèlè wọn sì bọ́ sí itan ọmọ. "Yéè! Àbẹ̀kẹ́, kí ni mo fọwọ́ kàn?" ni wọ́n kọ́kọ́ sọ, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ba nǹkan jẹ́. Ọmọ náà ti ká ẹsẹ̀ jọ sórí àga rẹ̀ nítorí pé ó ń ya àwòrán sínú ìwé. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyẹn, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ni irin náà ìbá gbá.

Mo yà sí ilé epo. Mo fa ọwọ́ irin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó náà, ó rọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo gbé ibi ìfẹ̀yìntì náà dúró, mo gbọ́ ìró kékeré bí ẹni pé ó ti há, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ tì í báyìí, ó tún wó. Ẹ̀yìn ni màámi lọ jókòó títí a fi délé. Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àdúgbò wa, ó pààrọ̀ sípíríǹgì kan, ó gba dọ́là 340 lọ́wọ́ mi, ó sì fún mi ní rìsíìtì tí kò kọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ rìsíìtì yìí sọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà. Díẹ̀ ló kù kí n jù ú nù, nítorí pé gbogbo ìgbà ni àwọn tí ń ta ọkọ̀ máa ń kọ lẹ́tà sí wa. Ọkọ mi ni ó rí àmì NHTSA, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ó ń rí sí ààbò ojú pópó, lára àpòòwé náà. Lẹ́tà náà sọ pé irin tí ó ń di ibi ìfẹ̀yìntì àwọn ìjókòó iwájú mú lè má dúró ṣinṣin, pé kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀ bí a bá ti rí i pé ó ń mì, àti pé páàtì tí wọn yóò fi tún un ṣe kò tíì sí nílẹ̀. Wọn yóò kọ lẹ́tà kejì nígbà tí ó bá dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òfin sọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwa tí a ń gbé níhìn-ín ni kò mọ̀ ọ́n. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti fi tó NHTSA létí pé ọkọ̀ òun ní àbùkù tí ó lè pa ènìyàn lára, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 60 lọ kí ó tó kọ lẹ́tà sí àwọn tí ó ni ọkọ̀. Ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe náà fún ọdún 15 láti ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ ra ọkọ̀ ọ̀hún, kò sì sí ohun tí ó kan wáráńtì nínú rẹ̀. Alòkù ni mo ra tèmi, èyí kò sì yí ẹ̀tọ́ mi padà. Ohun tí ó dùn mí ni pé òfin àpapọ̀ fi dandan lé e pé àwọn tí ń fi ọkọ̀ háyà, tí ọkọ̀ wọn bá ti tó 35, kò gbọdọ̀ gbé èyí tí wọ́n pè padà fún ènìyàn kí wọ́n tó tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò fi irú dandan bẹ́ẹ̀ lé àwọn tí ń ta alòkù.

Mo pe dílà, ìyẹn àwọn tí ń ta ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ náà tí wọ́n sì ń tún un ṣe, nígbà mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n fi mí sórí fóònù fún ìṣẹ́jú 26 kí ìlà tó já. Ní ìgbà kejì, ẹni tí ó gbé fóònù ní kí n gbé ọkọ̀ wá fún àyẹ̀wò ní ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́jọ. Mo gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ mi ní ilé ìwòsàn kí n lè dé ibẹ̀ lásìkò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń gba ọkọ̀ wọlé kò gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà nígbà tí mo kí i. Ó ní wáráńtì ọkọ̀ mi ti parí, nítorí náà n óò san dọ́là 180 kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi lẹ́tà hàn án. Ó tẹ nọ́ńbà ṣáásì mi, ó sì ní, "Màdáámù, ọkọ̀ yín kò sí lára àwọn tí a pè padà."

Mo sún mọ́ tábìlì rẹ̀, mo wo ohun tí ó tẹ̀. Òdo ni ó wà ní ipò kẹjọ nínú nọ́ńbà mi, ṣùgbọ́n lẹ́tà O ni ó tẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ọkọ̀ jẹun yẹ kí ó mọ̀ pé láti ọdún 1981 tí nọ́ńbà ṣáásì ti di èyí tí ó ní àmì 17 ní Amẹ́ríkà, kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n mú fún oókan àti òdo. Mo rọra sọ fún un. Ó tún un tẹ̀, ìkìlọ̀ pupa sì yọ lójú kọ̀ǹpútà. Kò tọrọ àforíjì. Ohun tí ó sọ ni pé, "Ó dáa, páàtì kò tíì dé. Ẹ kàn jẹ́ kí ìyá yín máa jókòó lẹ́yìn."

N kò lè ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe gún mi tó. Màámi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí ó sọ ọ́, wọn kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí ojú mi, wọ́n sì fọwọ́ kan èjìká mi pé, "Fi sílẹ̀, jẹ́ ká lọ." Mo béèrè bóyá wọ́n lè yá wa ní ọkọ̀ tí a óò máa lò títí páàtì yóò fi dé. Ó ní kò sí. Mo béèrè ọ̀gá, wọ́n ní ọ̀gá wà nípàdé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí NHTSA lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bissonnet sí i láìfi ohunkóhun pamọ́, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà.

Bóyá ìyẹn ni ó mú kí nǹkan yí padà, bóyá páàtì ló kàn dé, n kò lè sọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lẹ́yìn lẹ́tà àkọ́kọ́, obìnrin kan láti ọ̀dọ̀ dílà kan náà pè mí ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá òwúrọ̀. Ó pe orúkọ mi bí mo ṣe ń pè é, lẹ́yìn tí ó ti kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń pè é. Ó ní páàtì ti dé, òun ti fi orúkọ mi sára rẹ̀, kí n wá ní ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ tí n óò fi lọ síbi iṣẹ́ sì wà nílẹ̀ bí àtúnṣe bá pẹ́.

Mẹkáníìkì tí ó ṣe iṣẹ́ náà jẹ́ àgbà ọkùnrin ará Mẹ́síkò. Ó gbà kí èmi àti màámi dúró sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì kí a máa wò ó. Ó tú bátìrì, ó sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí pé àpò afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀gbẹ́ ìjókòó náà, agbára iná tí ó kù nínú rẹ̀ sì lè mú kí ó bú. Lẹ́yìn náà ni ó yọ wáyà tí orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ó tú bóòtù mẹ́rin tí ó di ìjókòó mọ́lẹ̀, ó gbé gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì bọ́ aṣọ rẹ̀ bí ẹni tí ń bọ́ ẹ̀wù ọmọ tuntun.

Nígbà tí ó yọ irin tí ó bàjẹ́ náà, ó pè mí. Ó pẹlẹbẹ, ó sì rí roboto bí ọmọrí agolo mílíìkì. Wọ́n ti jó ojú rẹ̀ pa láti ilé-iṣẹ́, kò ṣeé ṣí, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ní òmíràn tí wọ́n ti gé sí méjì nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni òrùka kan wà tí eyín wẹ́wẹ́ yí i ká. Àwọn irin kéékèèké tí àwọn náà léyín wà láàárín. Sípíríǹgì ni ó ń tì wọ́n síta kí eyín wọn lè há mọ́ eyín òrùka náà. Bí a bá fa ọwọ́ irin, wọn a wọlé, ibi ìfẹ̀yìntì a sì ṣeé tẹ̀. Ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan wà lápá òsì, ọ̀pá tín-ín-rín sì so wọ́n pọ̀. Ó fi ẹ̀mú yí tèmi, ó sì ní kí n gbé etí sí i. Mo gbọ́ "taka, taka, taka": eyín kò há mọ́ eyín, wọ́n kàn ń fo ara wọn ni. Ìgbà náà ni ó yé mi pé sípíríǹgì tí mo san dọ́là 340 lé lórí kò lè ṣe nǹkan kan sí i láéláé.

Ó tún ṣàlàyé ohun tí ó bà mí lẹ́rù ju ti ọjọ́ Sátidé yẹn lọ. Bí ọkọ̀ bá gbá wa láti ẹ̀yìn, bẹ́líìtì kọ́ ni ó ń gba èrò iwájú là, ibi ìfẹ̀yìntì ni. Bí ó bá wó, ara a yọ̀ jáde lábẹ́ bẹ́líìtì lọ sẹ́yìn, a sì fi orí gbá ẹni tí ó wà níbẹ̀. Mo lọ kà á nígbà tí mo délé: òfin Amẹ́ríkà lórí agbára ìjókòó ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Òfin 207, ti wà láti ọdún 1968, àfìgbà tí ó di ọdún 2021 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pàṣẹ pé kí NHTSA bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ láti tún un gbé yẹ̀ wò.

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20 ni iṣẹ́ náà gbà. Ó fi sípánà tí ń wọn agbára di bóòtù kọ̀ọ̀kan, ó rí i dájú pé iná àpò afẹ́fẹ́ kò tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ó wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó di ibi ìfẹ̀yìntì mú, ó sì fi gbogbo ara fà á. Kò mì. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìjókòó tèmi, bí èmi kò tilẹ̀ sọ fún un. Màámi kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Olúwa á bá yín ṣe é." Ó tẹrí ba, ó gbé ọwọ́ lé àyà.

Ohun tí ó kù ni owó mi. Láti inú òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2000 ni ó ti di dandan kí ilé-iṣẹ́ ní ètò láti dá owó padà fún ẹni tí ó ti fi owó ara rẹ̀ tún irú àbùkù náà ṣe kí lẹ́tà tó dé. Mo kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n dá a padà, wọ́n ní rìsíìtì kò sọ ohun tí wọ́n tún ṣe. Mẹkáníìkì àdúgbò wa tún un kọ dáadáa, mo tún fi ránṣẹ́. Wọ́n ti gbà á báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá, ṣẹ́ẹ̀kì kò tíì dé. Wọn kò sì tíì fèsì lórí ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sọ sí ìyá mi.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé láti Houston, mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ nọ́ńbà ṣáásì sórí ojú ìwé NHTSA kí ẹ tó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Àbúrò mi ọkùnrin ní Ìbàdàn ń wa tòkúnbọ̀ tí ó jẹ́ irú tèmi gan-an. Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan náà, ìkìlọ̀ ìjókòó iwájú sì wà lórí rẹ̀, kò sí ẹni tí ó tún un ṣe. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ náà ní Amẹ́ríkà ni lẹ́tà ń lọ bá. Kò sí lẹ́tà kankan tí yóò dé Mókọ́lá. Mo ti ní kí ó má gbé ẹnikẹ́ni síwájú mọ́, a sì ń wá bí páàtì náà yóò ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún dílà náà. Iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ni màámi jókòó sí nígbà tí mo gbé wọn lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú.